Àfòpiná Tí A Kò Dá Mọ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Èbìbí ọdún tí ó kọjá, a gbé aṣọ funfun kan, fìtílà méjì tí ń gba agbára lára oòrùn, àti fóònù mẹ́ta, ó di oko àgbàdo kan ní ẹ̀yìn ìlú Kétu, ní ọ̀nà tí ó lọ sí Ìlárá. Òjò ti rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ilẹ̀ pupa ibẹ̀ ṣì tutù, ó ń lẹ̀ mọ́ wa ní bàtà. Ìyá tí ó ni oko náà ti ń dúró dè wá ní ẹnu ahéré rẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì sì ti ri òpó igi méjì mọ́lẹ̀ tí a ó ta aṣọ wa sí. Iṣẹ́ tí a bá lọ kò ju ẹyọ kan lọ. A fẹ́ ya àwòrán àfòpiná tí ó ń bí kòkòrò tí ń jẹ àgbàdo wa run, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ń fi orúkọ Faransé pè ní chenille légionnaire, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sí ojú-ewé yìí kí tọmọdé tàgbà lè dá a mọ̀.

A ya àwòrán náà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, a ṣi ìyá náà lọ́nà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a kò ní fi èyí pamọ́ fún yín, nítorí oko tí ó ti ibẹ̀ bàjẹ́ kì í ṣe tiwa.

Kòkòrò fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì mọ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń dáko ní agbègbè wa. Bí ènìyàn bá wọ inú oko àgbàdo tí kò tíì ga ju orúnkún lọ, tí ó rí ewé tí ó ya jákujàku, tí ó sì rí ìgbẹ́ kòkòrò tí ó kún àárín igi náà bí ìyẹ̀fun pákó lábẹ́ ayùn káfíńtà, ó ti mọ ẹni tí ó wọlé. Bí ó bá la ibi tí ewé tuntun ti ń yọ, yóò bá a níbẹ̀, ẹyọ kan, ó pọ̀ tán méjì, nítorí wọ́n máa ń jẹ ara wọn: èyí tí ó bá tóbi a pa èyí tí ó kéré jẹ. Ní iwájú orí rẹ̀ ni ilà fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí ó dà bí lẹ́tà Y tí a dorí rẹ̀ kodò. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, nítòsí ìdí, ẹ ó rí àmì dúdú róbótó mẹ́rin tí wọ́n tò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mọ àmì méjèèjì yìí. Ìyá tí ó bí kòkòrò náà ni ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

A sì ń rí i lálaalẹ́. Ó ń bà sára ògiri lábẹ́ iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bà sí ẹ̀gbẹ́ àwo ọbẹ̀, ó ń fò yí iná òpópónà ká níbi tí àwọn ọmọ ti ń ka ìwé. A ó fi ọwọ́ gbá a dànù. “Àfòpiná ni,” a ó sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí. Gbogbo ohun tí ó bá ń fò yí iná ká ní òru ni à ń pè ní àfòpiná, bí ẹni pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Òwe wa sọ pé àfòpiná tí ó ní òun yóò pa fìtílà, ara rẹ̀ ni yóò pa. Ní ti fìtílà, òwe náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n eléyìí kì í ṣe fìtílà ni ó bá wá. Iná kàn fà á yà lójú ọ̀nà ni. Ìdí àgbàdo ni ó ń lọ.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ooru ti mú, ni orírun rẹ̀. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ John Abbot, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó lọ tẹ̀dó sí Georgia, fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú ti ọ̀pọ̀ kòkòrò mìíràn. James Edward Smith sì tẹ àwọn àwòrán náà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1797. Smith ni ó fún un ní orúkọ frugiperda, tí ó jẹ mọ́ ìpàdánù èso nínú èdè Látìn. Nígbà tí a gbọ́ ìtàn yìí, ohun tí ó wú wa lórí ni pé láyé ìgbà tí kò sí fóònù, ẹnìkan ti jókòó ti àfòpiná tí àwọ̀ rẹ̀ kò wu ojú yìí, ó wò ó títí ó fi lè yà á. Àwa tí a ní fóònù mẹ́ta kò ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Àgbàdo pẹ̀lú, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Òkun ni ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa láyé àwọn Potogí, ó sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀kọ, ègbo àti àádùn fi di oúnjẹ tí a lè bú ènìyàn pé kò mọ̀ ọ́n jẹ. Ọ̀tá rẹ̀ ni ó pẹ́ kí ó tó tẹ̀lé e. A kò tilẹ̀ lè sọ pé èyí ni àkọ́kọ́, nítorí kòkòrò kékeré tí ń sọ àgbàdo inú àká di ìyẹ̀fun, tí wọ́n rí ní Tógò ní ọdún 1984, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni òun náà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ rí àfòpiná yìí ní ilẹ̀ Áfíríkà: ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, lẹ́yìn náà ní Bẹ̀nẹ̀, ní Tógò, àti ní erékùṣù São Tomé. Georg Goergen, onímọ̀ kòkòrò ní ibùdó IITA tí ó wà ní Abomey-Calavi, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ìròyìn àkọ́kọ́ nípa rẹ̀, tí ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún náà. A fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ èyí dáadáa. Nígbà tí àgbẹ̀ púpọ̀ ṣì ń rò pé kòkòrò ìbílẹ̀ tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó kàn pọ̀ jù lọ́dún náà, ẹnìkan wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn ìyẹn ni eré tó bẹ̀rẹ̀. Kó tó pé ọdún mẹ́ta, ó ti dé ọ̀pọ̀ jùlọ nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà. Ó dé Íńdíà ní ọdún 2018, ó dé Ṣáínà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ó sì dé Ọsirélíà ní ọdún 2020. Bí afẹ́fẹ́ bá gbè é, ó lè fò tó 100 kìlómítà ní òru ọjọ́ kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kí ẹyẹ fò láti Kétu dé Kùtọ̀nú.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí oko ìyá.

A ta aṣọ náà, a tan fìtílà méjèèjì sí iwájú rẹ̀, a sì jókòó sórí àpò. Ìrẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ikán abìyẹ́ tí òjò ọ̀sán ti ru jáde, tí wọ́n bo aṣọ náà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n sínú igbá. Ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ àbọ̀, àfòpiná kan bà sí àárín aṣọ, ó pa ìyẹ́ rẹ̀ dé bí òrùlé ilé. Ìyẹ́ iwájú rẹ̀ ní àwọ̀ eérú àti àwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n dà pọ̀. Ní ṣóńṣó rẹ̀ ni àmì funfun kan wà bí ẹni fi ẹ̀fun tọ́ ọ, àmì mìíràn tí ó dagun, tí ó ní àwọ̀ iyanrìn, sì wà ní àárín. Èyí gan-an ni a ti rí lórí àwọn bébà tí a ń pín fún àgbẹ̀. Ariwo sọ. Ọ̀kan nínú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ ta fìtílà dànù. A ya á ní ẹ̀mẹtàdínlógún.

Ìyá náà ti ń wo ìsàlẹ̀ aṣọ ní tirẹ̀. Àfòpiná mẹ́rin tàbí márùn-ún wà níbẹ̀, àwọ̀ eérú ni gbogbo wọn, kò sí àmì kan gbòógì lára wọn.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn wọ̀nyí ńkọ́?”

“Rárá, Ìyá. Wọn kò ní àmì funfun lára. Àfòpiná lásán ni wọ́n.”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Ó dá wa lójú, Ìyá.”

“Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ kàwé.”

A sọ fún un pé níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni ó wá, kòkòrò náà kò tíì wọ oko rẹ̀ dáadáa, pé kí ó fi ọkàn balẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ yẹ abẹ́ ewé wò ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Nítorí ọ̀rọ̀ wa, ó rán wọn lọ sí oko ẹ̀gẹ́. Bí a sì ti ń ká aṣọ wa láti máa lọ, ọ̀kan nínú wa rí ohun kan lára òpó igi, bí òwú tí ó ti dọ̀tí, tí kò tó èékánná àtàǹpàkò. Ó fi ìka nù ún dànù. Kò sí ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, ìyá ránṣẹ́ pè wá. Kò bú wa. Ó mú wa dé àárín oko, ó na ọwọ́, ó ní, “Ẹ wá wò ó.” Ìyẹn nìkan ni ó sọ. Láti ibi tí aṣọ wa ti dúró títí dé ìdí igi ọ̀pẹ kan, kò sí igi àgbàdo kan tí ọkàn rẹ̀ kò bàjẹ́. Ó ti lọ tọrọ oògùn tí wọ́n ń fọ́n sí oko òwú lọ́wọ́ aládùúgbò, ó sì ti fọ́n ọn, ṣùgbọ́n kòkòrò tí ó ti dàgbà a máa wà ní jìnnìjìnnì láàárín ewé, ìgbẹ́ rẹ̀ yóò sì dí ojú ọ̀nà lórí rẹ̀ bí ìdérí. Oògùn kò kan án. Àwọn èèrà àti agbọ́n tí ì bá bá ìyá jà ni oògùn náà rí pa. Àpò mẹ́jọ ni ó máa ń kó ní ilẹ̀ náà. Ní ọdún yẹn, ó kó mẹ́ta àti àbọ̀.

A kó àwòrán wa lọ bá ẹnìkan tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò. Kò wo èyí tí a fi ń yangàn. Ó wo èyí tí ọmọkùnrin kan nínú wa ṣèèṣì yà, níbi tí àwọn aláwọ̀ eérú ti hàn ní igun ìsàlẹ̀, ó fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, ó sì bi wá ní ìbéèrè tí ọmọ ọdún mẹ́fà lè dáhùn: “Nínú akọ àti abo, èwo ni ó ń yé ẹyin?”

Akọ ni ó ní àmì funfun yẹn. Abo kò ní i, tàbí bí ó bá ní i, ó ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i ní alẹ́. Ó dà bí ewé gbígbẹ, ó dà bí erùpẹ̀, ó dà bí ọgọ́rùn-ún àfòpiná mìíràn. A ti lọ dè bàbá ní ojúde, ìyá sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Nígbà tí a wá ronú sí i, a rí i pé kì í ṣe àwa nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Pańpẹ́ tí wọ́n fi òórùn ṣe, èyí tí wọ́n ń gbé sí oko láti fi mọ̀ bóyá àfòpiná yìí ti dé, òórùn abo ni wọ́n fi sínú rẹ̀, nítorí náà akọ nìkan ni ó ń kó sí i. Akọ sì ni ó lẹ́wà jù fún àwòrán. Bí a bá wá pín bébà, ojú akọ ni yóò gba iwájú. Abo yóò wà ní ẹ̀gbẹ́ ní kékeré, bí ó bá tilẹ̀ wà. Àwa ti rí irú bébà bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà, a kò bi ara wa léèrè rí.

Ohun tí ẹyọ abo kan ń ṣe kì í ṣe kékeré. Kò ní ju bí ọjọ́ mẹ́wàá lọ láyé lẹ́yìn tí ó bá ti hu ìyẹ́, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ó lè yé ẹyin bí 1,500. Kì í yé wọn káàkiri lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ó ń yé wọn ní ìdì ìdì, 100 sí 200 lẹ́ẹ̀kan, ní abẹ́ ewé lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn náà yóò fi irun ikùn ara rẹ̀ bò wọ́n. Nígbà mìíràn, bí iná bá ti fà á sún mọ́ ilé, yóò yé wọn sára ògiri, sára fèrèsé, sára òpó igi. Òwú dídọ̀tí tí a nù dànù nìyẹn.

Ní irú ooru tiwa yìí, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni ẹyin yóò fi pa. Àwọn ọmọ tí ó bá jáde kéré ju kí ènìyàn rí wọn lọ. Wọ́n a máa ha ojú ewé jẹ títí ewé yóò fi dà bí ọ̀rá tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá, afẹ́fẹ́ a sì máa gbé wọn lórí okùn wọn láti igi kan sí òmíràn. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn yóò fi jẹun, tí wọn yóò pààrọ̀ awọ, èyí tí wọ́n sì ń jẹ ní ọjọ́ díẹ̀ ìkẹyìn ju gbogbo èyí tí wọ́n ti jẹ tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì. Lẹ́yìn náà wọn yóò wọ inú ilẹ̀, wọn yóò dì bí kóró kan tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tí kì í jẹ, tí kì í rìn, títí àfòpiná mìíràn yóò fi là á jáde. Nǹkan bí oṣù kan ni gbogbo rẹ̀. Ẹ ka ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ìyá padà sẹ́yìn, ẹ ó bá alẹ́ tí a wà níbẹ̀, tí à ń pariwo lórí akọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní fóònù lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a sọ bí a ti ń ṣe é nísinsìnyí fún yín.

Ẹ má ta aṣọ sí àárín àgbàdo. Àṣìṣe wa kejì nìyẹn: ìmọ́lẹ̀ wa ni ó ko wọ́n jọ sí ojú kan, ibẹ̀ gan-an ni oko sì ti bàjẹ́ jù. Ẹ ta á sí ẹ̀gbẹ́ oko, sí ojú ọ̀nà tàbí lẹ́bàá ahéré, kí ẹ sì pa iná ní kété tí iṣẹ́ bá parí. Alẹ́ tí ooru mú, tí ilẹ̀ tutù, tí òṣùpá kò sí, ni ó dára jù. Ẹ pa iná fóònù tí ń kọ mànàmáná, nítorí ìyẹ́ àfòpiná kún fún lẹ́búlẹ́bú tí ń dán. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kọ lù ú láti iwájú, gbogbo àmì ara rẹ̀ yóò fọ́ di funfun. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn di tọ́ọ̀ṣì mú láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì mú ìwé funfun dání ní òdì kejì kí òjìji má bàa dúdú jù. Ẹ má fi ìka fẹ àwòrán kí ẹ tó yà á. Ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ gbé ọwọ́ lé orí ìgò tàbí òkúta kí ó má gbọ̀n. Ẹ fi owó ẹyọ 100 faransì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹni tí yóò wò ó lè mọ bí ó ti tóbi tó. Ẹ ya á láti òkè, ẹ ya á láti ẹ̀gbẹ́.

Èyí tí ó ṣòro ni ìyẹ́ ẹ̀yìn, nítorí ó ń fi ti iwájú bò ó nígbà tí ó bá jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe pàtàkì, torí pé níbẹ̀ ni akọ àti abo ti jọra: ó funfun, ó ń dán bí ìdẹ funfun, ilà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ sì yí etí rẹ̀ ká. Ohun tí àwa ń ṣe ni pé a ń fi ife onígíláàsì dé e. Yóò gbọn ìyẹ́ fún ìgbà díẹ̀, láàárín ìgbà náà ni ẹ ó máa ya á léraléra. Nínú ogún àwòrán, ọ̀kan yóò mú un. Bí ó bá na ìyẹ́ méjèèjì, láti ṣóńṣó kan dé èkejì jẹ́ 32 sí 40 milimítà, ó fẹ̀ ju owó ẹyọ náà lọ.

A gbọ́dọ̀ sọ èyí náà: ẹyọ àwòrán abo kò tó láti fi búra. Àwọn ìbátan rẹ̀ kan wà tí wọ́n jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà níhìn-ín, tí ìyẹ́ ẹ̀yìn wọn funfun bákan náà, tí àwọn onímọ̀ pàápàá ní láti yẹ inú ara wọn wò kí wọ́n tó sọ pé èyí ni. Ìdí nìyí tí a fi ń ya àwòrán mẹ́ta pọ̀ nísinsìnyí: àfòpiná ní alẹ́, ìdì ẹyin ní òwúrọ̀, àti orí kòkòrò pẹ̀lú àmì mẹ́rin ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹ bá rí i. A ń kọ ọjọ́, agogo, orúkọ abúlé àti bí àgbàdo ti ga tó sí abẹ́ rẹ̀. Àwòrán tí kò ní ọjọ́ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Àwa ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú rẹ̀ nínú fóònù wa.

Nínú oṣù Èbìbí ọdún yìí, a tún padà lọ bá ìyá. Ojú ń tì wá díẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ṣáájú wa ní àárọ̀ kùtù, wọ́n ń yí abẹ́ ewé padà lẹ́sẹẹsẹ, èyí obìnrin sì ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Òun ni ó kọ́kọ́ pè wá. Ìdì ẹyin kan wà lábẹ́ ewé, pẹ̀lú irun rẹ̀ lórí. A ya á. Ìyá bi wá pé, “Ṣé ẹ ti ya tiyín tán?” A ní a ti yà á tán. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ rún un lórí ewé, ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó sì kọjá sí igi tí ó kàn. Ìdì mọ́kànlá ni wọ́n rún ní òwúrọ̀ yẹn. Fún àwọn igi tí kòkòrò ti wọ̀ tẹ́lẹ̀, ó bu iyanrìn àti eérú sí àárín ewé wọn, bí àwọn àgbẹ̀ púpọ̀ ti ń ṣe.

Ìdì kejìlá ni ó fa àríyànjiyàn. Nígbà tí a fẹ àwòrán rẹ̀, a rí ohun dúdú kan lórí ẹyin náà, tí a kọ́kọ́ pè ní ìdọ̀tí. Ó ní ìyẹ́. Ó ní ẹsẹ̀. Agbọ́n ni, ṣùgbọ́n agbọ́n tí kò tó ìdajì orí abẹ́rẹ́. Ó wà lára irú àwọn tí ń yé ẹyin tiwọn sínú ẹyin àfòpiná, tí ọmọ wọn sì ń jẹ ẹ́ láti inú. Telenomus remus, ọ̀kan nínú wọn, ti wà ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Niger, Côte d’Ivoire, Kẹ́ńyà àti Gúúsù Áfíríkà, bí ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2019 ti fi hàn; a kò pe é wá. Ọmọbìnrin náà ní kí a má rún ìdì yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ẹyin ni ẹyin ń jẹ́. Ìyá dúró láàárín wọn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó já ewé náà, ó fi í lé wa lọ́wọ́, ó ní kí a lọ tọ́jú rẹ̀ kí a sì wá jíṣẹ́.

A fi í sínú ìgò, a fi aṣọ tín-ínrín dé ẹnu rẹ̀. Kòkòrò kan kò jáde láti inú rẹ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá ni a bá àwọn dúdú bíńtín náà lára ìgò, wọ́n pọ̀ bí ẹtù, a sì gbé ìgò náà lọ ṣí ní oko ìyá. Ọmọbìnrin náà ni ó tú aṣọ ẹnu rẹ̀. Ó ní òun kò rí wọn bí wọ́n ti ń lọ.

Àwòrán abo tí ẹ rí ní òkè ojú-ewé yìí, lára aṣọ wa ni a ti yà á ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó sì rí i pé kò sí ohun tí ojú lè dì mú lára rẹ̀. Ẹyọ àwòrán kan ṣì kù tí ọwọ́ wa kò tíì tẹ̀: ìgbà tí ó ń yé ẹyin gan-an, tí ó ń fi irun ara rẹ̀ bò wọ́n lábẹ́ ewé àgbàdo. A ti jókòó dè é ní alẹ́ mẹ́rin, ó sì ń yé wọn níbi tí a kò gbé fìtílà sí. Ìyá ní kí a wá ní ọjọ́ tí òjò bá tún rọ̀ ní ọ̀sán, kí a mú àpò tí a ó jókòó lé dání, nítorí tirẹ̀ ti kún.